Àwọn Ọ̀yọ́ tí Kò Nílé: Àyẹ̀wò Sinimá “The Woman King”

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni sinimá The Woman King jáde ní Amẹ́ríkà. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Gina Prince-Bythewood ni ó darí rẹ̀, Viola Davis sì ni olórí àwọn òṣèré inú rẹ̀. Ìtàn àwọn Agojie ni ó sọ, èyíinì ni àwọn obìnrin ológun ilẹ̀ Dàhọ̀mì. Ọdún 1823 ni wọ́n sì fi ìtàn náà sí, nígbà tí Ghezo wà lórí oyè ní Àgbómẹ̀. Kí ìjà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni wọ́n ti sọ ẹni tí í ṣe ọ̀tá fún òǹwòran. Ọ̀yọ́ ni. Àwọn Ọ̀yọ́ ni wọ́n pa ọwọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn Máhì, tí wọ́n ń kó ará Dàhọ̀mì ní abúlé wọn, tí wọ́n sì ń tà wọ́n ní etíkun Ouidah. Láti ibẹ̀ lọ títí dé òpin, ìgbàkúùgbà tí pátákò ẹṣin bá dún nínú sinimá náà, kí òǹwòran ti mọ̀ pé ibi ni ó ń bọ̀.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá wò ó lè fi ìbínú dìde kúrò níbẹ̀, kí ó ní wọ́n ba Ọ̀yọ́ jẹ́ lójú gbogbo ayé. Ìbínú náà yé ni, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀yọ́ kì í ṣe aládùúgbò rere fún Dàhọ̀mì. Ní ọdún 1726 ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ ya wọ ilẹ̀ náà, nígbà tí kò tíì pẹ́ tí ọba Agaja gba Àlàdà. Wọ́n sì padà wá léraléra títí Agaja fi gbà ní ọdún 1730 láti máa sìn. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí Dàhọ̀mì fi wà lábẹ́ ìsìn Aláàfin. Kò sì sí àní-àní pé Ọ̀yọ́ ń ta ènìyàn: ọ̀nà Àjàṣẹ́ àti ọ̀nà Àgbádárìgì ni ẹrú rẹ̀ ń gbà dé etí òkun. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ sinimá tí yóò wẹ Ọ̀yọ́ mọ́ tónítóní, irọ́ tirẹ̀ ni ó fẹ́ kí wọ́n pa.

Ó sì yẹ kí a fi ohun tí í ṣe ti sinimá náà fún un. Agbo ilé àwọn Agojie nínú ààfin, ẹ̀kọ́ ogun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tuntun, ẹ̀gún tí wọ́n ní kí wọ́n là kọjá, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sùúrù ṣe. Àwọn Òyìnbó tí ó dé Àgbómẹ̀ láyé ìgbà náà sì kọ irú ìdánwò ẹ̀gún bẹ́ẹ̀ sínú ìwé wọn. Lashana Lynch, tí ó ṣe Izogie, ṣe é débi pé òǹwòran lè rántí rẹ̀ ju olórí ogun fúnra rẹ̀ lọ. Sinimá náà kò sẹ́ pé Dàhọ̀mì pàápàá ń ta ẹrú. Nanisca, olórí ogun, gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú ọba. Ohun kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó lè pa Yorùbá lẹ́rìn-ín: ọmọ Yorùbá ni ó ṣe olórí ní ìhà méjèèjì ogun náà. John Boyega, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ tẹ̀dó sí Lọ́ńdọ̀nù, ni ó ṣe Ghezo, nígbà tí Jimmy Odukoya láti Nàìjíríà ṣe ọ̀gágun Ọ̀yọ́ tí ó ń bá a jà.

Ọ̀gágun náà ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Oba Ade. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, ẹni tí ó bá kó ogun jáde a máa jẹ́ Baṣọ̀run, tàbí Àrẹ-ọ̀nà-kakaǹfò, tàbí ọ̀kan nínú àwọn Ẹ̀ṣọ́. Oyè tí ó jẹ ni a sì fi ń mọ ibi tí agbára rẹ̀ ti wá, àti ẹni tí ó lè gba agbára náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ogun bá ṣẹ́ ẹ. Ẹni tí a kàn sọ ní ọba, tí kò ní ìlú, tí kò ní ìjòyè, kò sí ibi tí ó bọ́ sí nínú ètò ìlú náà. Láwàní tí wọ́n wé fún àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì mú kí wọ́n jọ ọlọ́ṣà aṣálẹ̀ ju ọmọ ogun Aláàfin lọ. Lóòótọ́ ni Ìmàle wà ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, lóòótọ́ sì ni ẹṣin ń ti ìhà òkè Ọya wá. Ṣùgbọ́n òǹwòran tí kò mọ Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní rí ohun kan níbẹ̀ tí yóò jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìlú Ṣàǹgó ni wọ́n ti wá. Aláàfin kò yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Ọ̀yọ́ ọdún 1823 kì í ṣe òmìrán tí sinimá náà fi hàn. Àfọ̀njá, tí í ṣe Kakaǹfò, ti yapa ní Ìlọrin, àwọn jàmáà tí ó kó jọ sì ti ń kó ìlú lẹ́yìn ìlú. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí àwọn tí ó pè wá ràn án lọ́wọ́ fi pa òun náà. Nígbà tí yóò fi tó nǹkan bí ọdún 1836, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro. Ghezo rí ìdè ìsìn já nítorí pé ọwọ́ tí ó di okùn náà mú ti ń gbọ̀n. Èyí kò dín ìgboyà àwọn ará Dàhọ̀mì kù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í hàn, ọ̀tá tí ó ní ìbẹ̀rù tirẹ̀ ni òǹwòran ìbá rí, ìbá sì rí ìdí tí ọ̀gágun kan fi lè máa fi ipá béèrè ìsìn lọ́wọ́ aládùúgbò ní ọdún tí ilé tirẹ̀ ń jó.

Ilé gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Sinimá náà lé ní wákàtí méjì, kò sì sí ilé Ọ̀yọ́ kan nínú rẹ̀. Ibùdó ogun wà, ọjà ẹrú wà, ibi ìgbèkùn wà. Kò sí obìnrin Ọ̀yọ́ kan tí ó dáná, kò sí ọmọ tí ó ń dúró de bàbá rẹ̀, kò sí àgbà kan tí ó bi ọ̀gágun náà léèrè ohun tí ó ń ṣe. Ẹ wo Dàhọ̀mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ayaba ń jowú, ọmọge ń kọ ọkọ tí bàbá rẹ̀ yàn fún un, ìjòyè ń jiyàn níwájú ọba, ìyá ń bo ọmọ tí ó bí nínú ìyà mọ́ra. Ènìyàn ni wọ́n, nítorí pé wọ́n ní ibi tí wọ́n ń padà sí nígbà tí ogun bá tán. Inú koríko ni àwọn Ọ̀yọ́ ti ń jáde wá, inú ikú ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí pé Ọ̀yọ́ jẹ́ ọ̀tá ni èyí fi rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2024 ni Lisabi: The Uprising jáde, èyí tí Niyi Akinmolayan darí. Ìtàn bí àwọn Ẹ̀gbá ṣe bọ́ àjàgà Ọ̀yọ́ sọnù ni. Àwọn Ọ̀yọ́ sì ni aninilára níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀ Aláàfin wà níbẹ̀, ó ní ààfin, ó ní àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, ìkà rẹ̀ sì jẹ́ ìkà ọba tí ẹni tí ó wà nídìí eré náà mọ̀ dáadáa. Àléébù pọ̀ lára iṣẹ́ náà, pàápàá nínú bí ó ti máa ń yára láti orí ìjà kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n kò sọ Ọ̀yọ́ di iwin.

Èyí tí ó tún ṣe kókó jù ú lọ ni Adanggaman, tí Roger Gnoan M'Bala ará Kóòtù-Difúà ṣe ní ọdún 2000. Ọba tí ó ń ta ènìyàn wà nínú rẹ̀, àwọn obìnrin ológun sì ni ó ń rán lọ kó wọn, gẹ́gẹ́ bí Dàhọ̀mì ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n inú abúlé tí wọ́n fẹ́ kó ni M'Bala ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bá bàbá rẹ̀ jà nítorí ìyàwó tí kò fẹ́. Ọ̀rọ̀ ilé lásán, irú èyí tí àwọn àgbà ìbá parí ní ọ̀la. Òru ọjọ́ náà ni àwọn obìnrin ológun dé, wọ́n pa bàbá, wọ́n sì kó ìyá lọ. Ìjà tí wọn kò parí ni ó sọ ìkóni náà di ohun tí ọkàn kò lè gbé. Owó tí wọ́n ná sí iṣẹ́ yìí kò lè tó owó aṣọ nínú ti Amẹ́ríkà, àwọn òṣèré rẹ̀ kò sì gbajúmọ̀. Síbẹ̀ ó rí ojú tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ rí.

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, ni àwọn Yorùbá máa ń wí. Ẹjọ́ tí The Woman King dá ní èrè fún ẹnìkan, ẹni náà sì ni Ghezo. Nígbà tí wọ́n ti di gbogbo ẹrù òwò ẹrú lé Ọ̀yọ́ lórí, ohun tí ó kù lọ́wọ́ ọba Dàhọ̀mì kò ju àṣìṣe tí ìmọ̀ràn rere lè tún ṣe lọ. Nanisca ní kí ó fi epo pupa rọ́pò ẹrú, ọba sì ń fetí sí i. Òyìnbó tí ó ń ra ẹrú nínú eré náà, tí wọ́n sọ ní Santo Ferreira, ọ̀rẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi í ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ pé Francisco Félix de Souza, ọmọ Bùràsíìlì tí ó ń ra ẹrú ní Ouidah, ni ó ran Ghezo lọ́wọ́ láti gba ìtẹ́ ní ọdún 1818, tí Ghezo sì fi oyè Chacha dá a lọ́lá. (Herzog fi ìtàn de Souza ṣe Cobra Verde ní ọdún 1987. Nínú ti Herzog, àwọn obìnrin ológun pọ̀ bí eéṣú, kò sì sí ọ̀kan tí ó ní orúkọ.) Ní ti epo pupa, lóòótọ́ ni Ghezo tà á; ṣùgbọ́n ó ń tà á mọ́ ẹrú ni, ẹrú ni ó sì ń kọ ẹyìn, ẹrú ni ó ń fún epo. Àfìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun dí etíkun mọ́ ọn ni ó tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù kìíní ọdún 1852, kò sì tó ọdún mẹ́wàá tí òwò náà fi tún ń lọ.

Ọmọdébìnrin Yorùbá kan wà tí ìtàn rẹ̀ ìbá tú sinimá yìí ká bí ó bá wọ inú rẹ̀. Àìná ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1848 ni ogun Dàhọ̀mì kó Òkè-Ọdán, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí ààfin Ghezo, níbi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn bọ ẹ̀mí àwọn ọba tí ó ti wàjà. Ní ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, wá bẹ Ghezo kí ó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Ghezo kò gbà. Ó fi ọmọ náà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣe ẹ̀bùn fún ayaba Gẹ̀ẹ́sì. Forbes sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ há ọmọ náà lọ́rùn, ó sì mú un dé iwájú Victoria. Ní ọdún 1862 ni ó fẹ́ J. P. L. Davies, oníṣòwò Èkó, ní ìlú Brighton; ó sì kú ní erékùṣù Madeira ní ọdún 1880. Gbogbo ohun tí sinimá ń wá ni ó wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀: ààfin, ogun, òkun, ayaba, ìgbéyàwó. Ghezo kan náà tí ó ń gba ìmọ̀ràn tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ nínú eré ni ó mú ọmọ yìí lọ́wọ́, tí ó sì fà á fún àlejò gẹ́gẹ́ bí ẹní fa àkùkọ.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Ghezo kó ogun lọ sí Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851. Àwọn Agojie wà níwájú ogun náà. Bowen, oníwàásù ará Amẹ́ríkà, wà nínú ìlú lọ́jọ́ náà, ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ni ó borí. Ṣùgbọ́n nínú bí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà láti ìran dé ìran, wọn kò fi ìgbóyà àwọn obìnrin náà dù wọ́n. Wọ́n sọ bí wọ́n ti ń gun odi, wọ́n sì sọ bí ojú ti ti àwọn ọkùnrin Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n mọ̀ pé obìnrin ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé wọn sá, tí ìtìjú náà sì di ìbínú. Ọ̀tá ni ó ń sọ̀rọ̀ yìí nípa ọ̀tá. Ìyìn tí ó wà nínú rẹ̀ ga ju èyí tí wọ́n fi owó rẹpẹtẹ ṣe nínú The Woman King lọ, nítorí pé ẹni tí wọ́n wá pa ni ó fi í fún wọn.

Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í ṣe ẹni tí sinimá yìí ṣẹ̀ jùlọ. Yorùbá pọ̀, wọ́n ní ìwé, wọ́n ní sinimá tiwọn, ẹnu wọn sì tó ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn Máhì ńkọ́? Ìhà àríwá Àgbómẹ̀ ni ilẹ̀ wọn wà, wọn kò sì pọ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí Dàhọ̀mì fi ń kó wọn bí ẹní ń kórè oko. Ìdí nìyí tí orúkọ wọn fi wà títí di òní nínú ilé òrìṣà àwọn Jeje ní Bàhíà. Nínú sinimá, abúlé wọn ni wọ́n fi ṣí eré. Ó kù díẹ̀ kí ilẹ̀ mọ́, iná ń jó, àwọn Agojie dìde láti inú koríko, ọkùnrin Máhì ń ṣubú lọ́tùn-ún lósì, òǹwòran sì ń pàtẹ́wọ́, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé olè ajínigbé ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n fi ọgọ́rùn-ún ọdún kó lẹ́rú ni wọ́n sọ di akónilẹ́rú. Ọ̀yọ́ tilẹ̀ jẹ̀bi díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn.

Ó yẹ kí a wo ohun tí ó mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe àìmọ̀kan. Àwọn tí ó ṣe sinimá náà ń wá ilé ní Áfíríkà, ilé tí ọmọ ẹrú ní Amẹ́ríkà lè tọ́ka sí kí ó sì gbé orí rẹ̀ sókè. Ó ṣòro láti fẹ́ ilé tí ó tà ọ́. Nítorí náà wọ́n wá aládùúgbò kan tí yóò ru ẹ̀bi náà, kí ilé lè mọ́. Àwọn kan láàrin àwọn ọmọ ẹrú náà fúnra wọn kò gbà á. Wọ́n ní kí ènìyàn má lọ wò ó, ariwo wọn sì kún orí ẹ̀rọ ayélujára nígbà náà. Ní ọdún 2022 kan náà sì ni Descendant jáde, tí Margaret Brown darí. Kò sí òṣèré nínú ìyẹn. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó wọ ọkọ̀ Clotilda ni, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ọkọ̀ tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1860, ọdún méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹrú wọlé mọ́. Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis, wà nínú wọn. Ọmọ Yorùbá ni, láti ìhà Bantè. Àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì, tobìnrin tọkùnrin, ni wọ́n ya wọ ìlú rẹ̀ ní ìdájí nígbà ayé Glele, ọmọ Ghezo. Zora Neale Hurston gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni ìwé náà tó jáde. Nínú Descendant, àwọn ọmọ ọmọ náà ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọn kò wá ẹni tí yóò ru ẹ̀bi. Orúkọ ìlú, orúkọ ẹni, ibi tí ọkọ̀ rì sí, ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn tí ń ṣe sinimá Yorùbá náà kò gbọdọ̀ yára rẹ́rìn-ín Amẹ́ríkà. Ó ti pẹ́ tí Ègùn ti ń jáde nínú eré amẹ́rìn-ín wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí Yorùbá rẹ̀ wọ́, tí kò sì ní ìyá, tí kò ní bàbá, tí kò ní ìlú. Ọmọ ilẹ̀ Àgbádárìgì ni, ìbátan àwọn ará Dàhọ̀mì nínú èdè, ó sì wà láàrin Yorùbá bí Nàgó ti wà láàrin Fọ̀n.

Àwọn Nàgó náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ní òkèèrè ibẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2022, kí sinimá náà tó jáde, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣí ère Agojie kan ní Kútọnù, ó ga ní ọgbọ̀n mítà. Ọmọ ìlú kan náà ni ará Àgbómẹ̀, ará Ìdàáṣà, ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti ará Kétu ní òde òní, gbogbo wọn ni wọ́n sì ní kí wọ́n fi ère náà yangàn. Ní ọdún 1886 ni Dàhọ̀mì kó Kétu tán, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhọ̀mì ni àwọn tí ó ṣẹ́ kù tó padà wá tún un kọ́. Ẹnubodè ògbólógbòó tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdènà ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ògiri rẹ̀ tí ó nípọn àti ìlẹ̀kùn igi rẹ̀. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti lọ ya The Woman King.